Ìpolówó Oògùn Ọmọdé

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ọwọ́ rẹ̀ kan omi nínú. Olóúnjẹ ní òjò ló pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò kó èyí tó tutù sókè kí aráyé rí i.

Ìgò oògùn kò ṣeé ki ọwọ́ bọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu olùtà nìkan ni ìyá ọmọ ní. Ní 2008, májèlé tí wọ́n ń pè ní diethylene glycol wọ inú My Pikin, oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Èkó. Ọmọ 84 ló kú títí di 2009. Òfin 1993 kò gbà kí a polówó oògùn tí kò ní ìforúkọsílẹ̀. NAFDAC sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìpolówó náà.

Síbẹ̀, ní Yaba, a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi gbohùngbohùn tajà pé oògùn eyín ń wo ibà àti ìgbẹ́ gbuuru. Irọ́ ni! Eyín híhù kì í fa ibà líle. Ìyá tó bá gbà á gbọ́ yóò jókòó ti ìgò, nígbà tí ibà ń jẹ ọmọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wọn tajà, ohun tó wà lára páálí ni kí ẹ kà sókè: ọjọ́ orí ọmọ, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà.