Eegun Àgbà Kì í Ṣe Eegun Ọmọdé

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọlidé kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa kúrò ní Onitsha lọ bá ìyá àgbà àti bàbá àgbà nílé. Torí tiwọn la ṣe mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Bí ọmọdé bá ṣubú, á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù. Ti àgbà ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, inú eegun lè máa lu ihò bíi kànrìnkàn. Osteoporosis ni àwọn dókítà ń pè é. Ó wọ́pọ̀ jù lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Kì í dunni, nítorí náà eegun lè kán kí a tó mọ̀.

Bí àgbà bá ṣubú tí kò lè dìde, ẹ má fà á, ẹ má fi òróró ra ẹsẹ̀ rẹ̀. Eegun itan lè ti kán. Ẹ tètè ké sí àwọn òbí, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ti eegun wà ní Enugu nítòsí wa, òmíràn wà ní Ìgbóbì, l'Ékòó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: wá nǹkan 3 tó lè gbé àgbà ṣubú nínú ilé yín, bí omi ilẹ̀ balùwẹ̀, ẹní tó ká sókè, tàbí òkùnkùn ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tún wọn ṣe kí o tó padà wọlé ìwé.