Ta Ló Gbé Adé Lé Ọba Lórí?

Ọwọ́ tó ń fúnni ló máa ń wà lókè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ni òwe yìí ń sọ. Ó bá ọ̀rọ̀ adé náà wí. Ẹni tó bá bá ọ gbé adé lé orí, ọwọ́ rẹ̀ ti ga ju orí rẹ lọ, kò sì ní í jẹ́ kí o gbàgbé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ọmọ ọba, ẹ̀yin afọbajẹ, ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀, láti Sẹkọna tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ títí dé ààfin Tìmì, ọba Ẹdẹ: ẹ má ṣe jẹ́ kí mọ́sálásí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bá yín yan ọba.

Ẹdẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ìlú Ṣàngó ni. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí Aláàfin rán an wá ṣọ́ ibodè níhà Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tó di nǹkan bí 1850, Abíbù Lágúnjú ti wà lórí ìtẹ́, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jẹ Tìmì. Ìgbà rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin Ṣẹ̀ríà dá ẹjọ́ nílùú. Abẹ́ Ìbàdàn ni Ẹdẹ wà nígbà náà. Oyè bọ́ lọ́wọ́ ọba náà, ó sì kú sí Ìbàdàn ní 1900.

Ní 1946, oyè kan Adétóyèṣe Láoyè, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, nínú ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ jù. Memudu Lágúnjú, tí òun náà ń du oyè, kò gbà. Ó pe Olúbàdàn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́jọ́ pẹ̀lú Láoyè, ẹjọ́ náà sì ń lọ láti kóòtù dé kóòtù títí ó fi dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ́nù ní 1952. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ oyè Ẹdẹ ṣe rìn jìnnà tó! Òfin ìjọba amúnisìn ti fi ìdájọ́ àríyànjiyàn oyè sọ́wọ́ Gómìnà, ìyẹn ni pé ẹni tí kò mọ oríkì ilé kan ṣoṣo ní Ẹdẹ ni yóò sọ ẹni tó jẹ Tìmì. Láoyè jókòó lórí ìtẹ́ títí di 1975. Onígbàgbọ́ ni, ó sì ń bá àwọn oníṣàngó ṣọdún. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún. Kò dí Mùsùlùmí lọ́wọ́. Ohun tó sọ ọ́ di ọba gbogbo Ẹdẹ nìyẹn. Lónìí, Mùsùlùmí ni Tìmì Munirudeen Adéṣọlá Lawal tó gorí ìtẹ́ ní 2008, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Yunifásítì onígbàgbọ́ méjì, Redeemer's àti Adeleke, sì wà nílùú rẹ̀.

Àwọn òyìnbó náà ti jẹ ìyà ìjà oyè rí, tiwọn tilẹ̀ burú jù. Ní 1120, ọkọ̀ ojú omi rì pẹ̀lú William, àrẹ̀mọ Henry Kìíní, ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọba mú kí àwọn ìjòyè búra pé Matilda, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni wọn yóò fi jọba. Wọ́n búra. Ọba wàjà ní ìbẹ̀rẹ̀ December 1135, Stephen, ọmọ arábìnrin rẹ̀, sáré dé Lọ́ńdọ́nù. Àbúrò Stephen ni bíṣọ́ọ̀bù Winchester, òun ló bá a la ọ̀nà, nígbà tí oṣù náà yóò fi parí, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury ti dé e ládé. Ìbúra di òfo. Ogun abẹ́lé tó tẹ̀ lé e kò rọlẹ̀ títí di 1153.

Henry Kejì, ọmọ Matilda, ló jọba lẹ́yìn Stephen. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀, ó ní òun yóò fi ọmọ òun jọba lójú ayé òun. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n Canterbury ló ní ẹ̀tọ́ àtidé ọba ládé, Thomas Becket tó ń jẹ bíṣọ́ọ̀bù àgbà níbẹ̀ sì ti sá lọ sí ilẹ̀ Faransé nítorí ìjà òun àti ọba. Henry kò dúró. Ní June 1170, ó ní kí bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti York gbé adé lé ọmọ ọdún 15 náà lórí. Becket fi ìyà ìjọ jẹ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tó lọ́wọ́ sí i, ó sì padà sí Canterbury. Ní December 29, jagunjagun mẹ́rin ti ààfin wá, wọ́n ṣá a pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. A fi ọ́ jọba, ò ń ṣàwúre, o fẹ́ jẹ Ọlọ́run ni? Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe gbogbo èyí ní adé, kò ní ilẹ̀, kò ní àṣẹ. Ní 1173 ó gbógun ti bàbá rẹ̀. Ní July 1174, Henry fi ẹsẹ̀ lásán rìn wọ Canterbury, ó dọ̀bálẹ̀ níbi sàréè Becket, àwọn àlùfáà ibẹ̀ sì na án lẹ́gba. Ọmọ náà kú ní 1183, bàbá ṣì wà láyé.

Kí ni ká ṣe? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. A kì í sọ̀rọ̀ ìpapòdà ọba nígbà tó wà lórí ìtẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ kì í ṣe èpè. Láti ìgbà òfin oyè tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ní 1957 ni wọ́n ti ń kọ àṣà ìyànjọba sílẹ̀: àwọn ilé tó ń jọba, bí oyè ṣe ń yípo, àti àwọn afọbajẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọba kò tíì fojú kàn án. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kà á nínú ìpàdé ẹbí, kí àwọn ọ̀dọ́ gbọ́. Bí ohun tó rú yín lójú bá wà nínú rẹ̀, ìgbà tí ìlú tòrò ni kí ẹ tọ́ ọ, kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ oyè mẹ́fà ti ń ná owó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìran. Ọmọ oyè á gbé àpò ìrẹsì àti owó lọ bá wòlíì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wòlíì á ní Olúwa fi orúkọ lágbájá han òun. Ẹnìkejì rẹ̀ á lọ bá ààfáà. Bí lágbájá bá wá wọ ààfin, wòlíì ti di afọbajẹ tí ìlú kò yàn, àwọn tó kù yóò sì máa wo ọba bí ọba ìjọ kan. Ifá ní ipò tirẹ̀ nínú àṣà, ṣùgbọ́n afọbajẹ ló yẹ kó dá a ní gbangba, kì í ṣe ọmọ oyè ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin ìmáàmù wa, ẹ̀yin pásítọ̀, àdúrà yín ṣe pàtàkì, ìlú nílò rẹ̀. Bí ọmọ oyè bá gbé ẹ̀bùn wá, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ jẹ́ kí afọbajẹ ṣe iṣẹ́ wọn tán. Ẹni tí wọ́n bá mú, ẹ jọ lọ kí i ní ààfin lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ sì gbàdúrà fún un.