Ìmọ̀ràn fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Gbé ní Pópó Àgùdà

"Ìlú tí a bá wọ̀, àṣà ibẹ̀ ni à ń dá" ni Yorùbá wí, kò sì sí ẹni tí òwe yìí bá wí tó ẹni tí ó ń wá ilé ní Pópó Àgùdà, ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí a kó lẹ́rú àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n padà wálé láti Bràsíl àti Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n tẹ àdúgbò yìí dó, láti agbègbè Campos títí kan òpópónà Bámgbóṣé, Tọ́kunbọ̀ àti Kákáwá. Bí ọ́fíìsì àti ọjà tilẹ̀ ti yí i ká lónìí, àwọn tí ìran wọn ti mọra ni ó ṣì ń gbé ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì kọjá láàárọ̀ láìkí àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò ti béèrè ojúlé tí ó ti jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbẹgẹ́ jù ni ti ẹni tí ó ni ilé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ náà jẹ́ ilé ẹbí, èyí tí baba ńlá fi sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ lápapọ̀, tí ẹnì kan kò sì lè dá pè ní tirẹ̀. "Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ"; nítorí náà, kí ẹni tí ó ń wá ilé wo ẹbí kí ó tó wo yàrá. Lábẹ́ òfin, bí ọmọ ẹbí kan bá ta irú ilé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò fìdí múlẹ̀ rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà tí ó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Owó púpọ̀ ti wọmi nípa àìbéèrè ẹni tí ó ni ilé.

Ilé fúnra rẹ̀ tún ní ìlò tirẹ̀. Ògiri àtijọ́ máa ń fa omi sínú, ó sì ń tú u jáde, ṣùgbọ́n bí a bá fi sìmẹ́ńtì líle rẹ́ ẹ, ọ̀rinrin yóò há sínú rẹ̀, ògiri yóò sì máa ṣí. Kí ẹni tí ó ń wá ilé fi ọwọ́ kan ilẹ̀ pákó òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, bóyá ikán ti wọ̀ ọ́, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ayálégbé tí ó ń kó jáde, torí pé ẹni tí ń gbé ilé ni ó mọ ibi tí ó ń jò. Bí ilé náà bá tilẹ̀ nílò àtúnṣe, wíwó kò yẹ kí ó jẹ́ èrò àkọ́kọ́. Ìlọ́jọ̀ Bar, ilé àwọn Àgùdà kan ní Erékùṣù Èkó tí a kọ́ ní ọdún 1855, tí ìjọba sì kéde ní ọdún 1956 gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní ọdún 2016, àdánù ńlá gbáà ni, kò sì sí owó tí ó lè dá a padà.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ilé, àṣà àdúgbò ló kàn. Ní ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn Àgùdà máa ń se fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a sè rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì fi omi àgbọn pò. Ọbẹ̀ ata àti ẹja díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Bí aládùúgbò bá gbé abọ́ rẹ̀ wá, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé gbà á, ì báà jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì. Bí Ẹ̀yọ̀, eégún aláṣọ funfun ti Èkó, bá sì fẹ́ jáde, kí ó ti gbé mọ́tò rẹ̀ kúrò lójú pópó láti alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, kí ó sì kìlọ̀ fún àlejò rẹ̀ pé a kì í wọ bàtà, a kì í wé gèlè, a kì í di ṣùkú, a kì í sì í mu sìgá níbi tí Ẹ̀yọ̀ bá ń gbà.