Àròjinlẹ̀ Ní Òpin, Àròkàn Kò Ní



Àwọn baba wa fi ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ fún wa tí ìró wọn sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ wọn jìnnà sí ara wọn. Èkíní ni àròjinlẹ̀, èkejì ni àròkàn. Àròjinlẹ̀ ni ìrònú ẹni tí ó jókòó, tí ó yẹ ọ̀ràn wò tinú-tẹ̀yìn, tí ó sì dìde pẹ̀lú ìpinnu. Àròkàn ni ìrònú tí ń yí po bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn: ó rìn títí ilẹ̀ fi ṣú, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan. Àwọn àgbà kò sì ṣàì kìlọ̀ fún wa pé àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́.

Kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀nà jíjìn ni èyí. Ní Festac yìí, nígbà tí ariwo ọkọ̀ bá ti rọlẹ̀ ní Mile 2, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò sì ti dákẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lórí ibùsùn tí ojú wọn là kedere. Baba ń ro owó ilé tí yóò pé ní oṣù tí ń bọ̀. Ìyá ń ro ọmọ tí ó wà ní ìlú òyìnbó, tí kò pè láti ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ń ro ìdánwò tí ó ti ṣe tán, tí kò lè tún ọ̀rọ̀ kan kọ nínú rẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn ni ó ti rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ilé kò dín ní kọ́bọ̀ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ tàbí aláìnígbàgbọ́. Ní ọdún 1960, Dókítà Raymond Prince, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná tàbí tí ó ń ta wọ́n, tí wọn kò sì lè ka ìwé kí ó yé wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn a máa sọ pé ó ti rẹ ọpọlọ àwọn. Àwọn Shona ilẹ̀ Zimbabwe pàápàá ní orúkọ fún irú ìyà yìí: kufungisisa ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe àrònújù. Ìnira tí ọmọ ènìyàn mọ̀ níbi gbogbo ni, ó sì ní ìtọ́jú.

Ohun kìíní tí a ní láti mọ̀ ni pé a kì í fi ipá lé èrò. Ní ọdún 1987, Daniel Wegner, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan má ṣe ro béárì funfun fún ìṣẹ́jú 5, ṣùgbọ́n kí wọ́n lu agogo nígbàkúùgbà tí ó bá wá sí wọn lọ́kàn. Agogo kò sinmi. Nígbà tí a sì gbà wọ́n láàyè lẹ́yìn náà láti máa rò ó, wọ́n rò ó ju àwọn tí a ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n máa rò ó lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ fún arákùnrin rẹ̀ pé kí ó má rò ó mọ́ kò tíì ràn án lọ́wọ́. Ó sàn kí a ṣe èrò náà bí a ti ń ṣe dánfó tí kò lọ sí ibi tí à ń lọ ní ọ̀nà Àgbádárìgì: a rí i, a gbọ́ igbe agbèrò, ṣùgbọ́n a kò wọ̀ ọ́.

Ohun kejì ni pé kí a pa ààlà fún un. Ní 1983, Thomas Borkovec àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìlànà kan jáde: kí aláníyàn ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà àti ní ibì kan náà, fún àníyàn rẹ̀. Bí àníyàn bá dé ní àkókò mìíràn, kí ó ní kí ó di wákàtí rẹ̀. Ẹ fi í sí ìrọ̀lẹ́, lórí àga, pẹ̀lú ìwé àti kálámù; ẹ má ṣe fi í sí orí ibùsùn.

Ohun kẹta ni pé kí ìrònú bí ìgbésẹ̀ kan. Ní ìlú Harare, láti 2006, Dókítà Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà bí wọn yóò ti máa jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹni tí ìrònú ń dà láàmú. Ìyá àgbà yóò jẹ́ kí ó to gbogbo ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú ẹyọ kan nínú wọn, kí ó sì wá ohun kékeré kan tí ó lè ṣe sí i kí wọ́n tó tún pàdé. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní àǹfààní. Baba tí ń ro owó ilé kò lè san án ní òru, ṣùgbọ́n ó lè pinnu láti bá onílé sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Olúwa wa, nínú Ìhìnrere Matteu orí 6, kò kọ ètò ọ̀la fún wa. Àníyàn ni ó kọ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn olùfọkànsìn, nítorí àdúrà pàápàá lè di àròkàn. Ní Manresa ní ilẹ̀ Spéènì, ní 1522, Ignatius Mímọ́ ti Loyola ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo ayé rẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti gbàgbé ọ̀kan. Ó jẹ́wọ́, ó tún jẹ́wọ́, kò ní ìsinmi, títí ó fi ń ṣe é bíi kí ó gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìgbà tí ó pinnu pé òun kì yóò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ kankan mọ́ ni ó tó rí ìdáǹdè. Orúkọ tí Ìjọ ń pe àìsàn yìí ti inú èdè Látìnì wá: scrupulus, òkúta wẹ́wẹ́ mímú. Òkúta inú bàtà kò tóbi, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a rìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ti dárí jì í léraléra, kí ó yan àlùfáà kan ṣoṣo, kí ó sì tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀. Ìyẹ̀wò ọkàn tòótọ́ a máa parí sí ìrònúpìwàdà. Kì í parí sí ìpayà.

Ní ìkẹyìn, ẹ má ṣe dá nìkan gbé ẹrù yìí. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ní 1954, kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó wà ní àyíká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan. Wọ́n ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé àárín ènìyàn ni ọkàn ènìyàn ti ń sàn. Bí oorun àti oúnjẹ bá kọ ẹnìkan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí bí ó bá ń ro ikú ara rẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá, kò sì jìnnà sí wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lílọ síbẹ̀ kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù yín kọ ọ̀ràn kan tí ń gba oorun rẹ̀ sórí ìwé. Kí ó kọ ohun kan tí òun lè ṣe sí i sí abẹ́ rẹ̀, àti ọjọ́ tí òun yóò ṣe é. Èyí tí ó bá kù tí ọwọ́ ènìyàn kò tó, kí ó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nínú àdúrà kúkúrú kan, kí ó sì pa iná kí ó sùn. Kí Olúwa fún ọkàn yín ní ìsinmi. Àmín.