ÀJẸṢẸ́KÙ NI TI BÁTÌRÌ PẸ̀LÚ

Ẹ̀kọ́ fún ìpàdé ẹgbẹ́: bí a ṣe ń ra bátìrì lítíọ́mù, bí a ṣe ń ṣáàjì rẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí ó ti wọ ilé àti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun náà ni bátìrì lítíọ́mù.

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó epo tí jẹnẹrétọ̀ ń jẹ ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Télọ̀, onígbàjámọ̀, ìyá tí ń ta ẹja dídì àti ọ̀dọ́ tí ń ṣe POS ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra páńẹ́lì sólà, ínfátà àti bátìrì. Àwa tí a ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ń rí i pé irú ẹ̀yáwó yìí ń pọ̀ sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀, bí a bá mọ ohun tí a ń rà.

1. BÍ GBÈSÈ ṢE LÈ PẸ́ JU BÁTÌRÌ LỌ

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yá ₦360,000 láti fi ra bátìrì, tí yóò sì san án padà láàárín oṣù 18. ₦20,000 ni yóò máa san lóṣooṣù, láìtíì ka èlé. Bí bátìrì náà bá kú ní ìparí oṣù kẹfà, ₦120,000 péré ni ó tíì san. ₦240,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òkùnkùn sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ alẹ́ tí ìbá máa fi rí owó san gbèsè náà ti dúró. Bí kò bá rí i san, ọ̀dọ̀ àwọn onídùúró méjì tí ó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ni ẹgbẹ́ yóò yíjú sí, wọn kò sì ní lè fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ tiwọn. Ẹnì kan ni ó ra bátìrì, ilé mẹ́ta ni ó wọ inú ìyọnu.

Nítorí náà, òfin àkọ́kọ́ ni èyí: bátìrì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju gbèsè tí a fi rà á lọ. Gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí, orí òfin náà ni ó dúró lé.

2. KÍ NI BÁTÌRÌ LÍTÍỌ́MÙ?

Lítíọ́mù kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní agbègbè Ìjerò-Èkìtì, òkúta kan wà tí ó ní àwọ̀ àlùkò, tí ó máa ń ya pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Lepidolite ni àwọn onímọ̀ òkúta ń pè é, lítíọ́mù sì wà nínú rẹ̀. Nínú gbogbo irin tí ó wà láyé, lítíọ́mù ni ó fúyẹ́ jù. Ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáàn ni ó kọ́kọ́ gbé bátìrì alágbàtúnṣáàjì tí a fi í ṣe jáde fún títà ní 1991. Ní 2019, àwọn ọ̀mọ̀wé mẹ́ta tí iṣẹ́ wọn bí i, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ó yẹ kí a dá mọ̀:

(a) Èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká àti pawa bánǹkì. Ọmọ bátìrì kan nínú irú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí fólítì 3.7, bí ó bá kún, yóò tó 4.2. Agbára rẹ̀ pọ̀ nínú ara kékeré, ṣùgbọ́n ó tètè ń gbiná bí a bá ṣì í lò.

(b) Èyí tí a fi irin àti fọ́sífétì pò, tí a máa ń kọ LiFePO4 sí lára. Fólítì 3.2 ni ọmọ bátìrì rẹ̀ kan. Bí ó bá kún, kò gbọdọ̀ ju 3.65 lọ. Ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru jù ú lọ, ó sì ń pẹ́. Òun ni ó yẹ ínfátà ilé àti ti ṣọ́ọ̀bù.

Bí a bá to ọmọ bátìrì LiFePO4 mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn nínú àpótí kan, wọn yóò di fólítì 12.8. Mẹ́jọ yóò di 25.6. Mẹ́rìndínlógún yóò di 51.2. Ìdí nìyí tí a fi ń rí àwọn nọ́ḿbà wọ̀nyí lára àpótí bátìrì lọ́jà.

Nínú àpótí náà, ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí a ń pè ní BMS. Iṣẹ́ akápò ni ó ń ṣe. Bí owó bá fẹ́ tán nínú àpò, yóò ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá kún jù, kò ní gbà mọ́. Bí ooru bá pọ̀ tàbí wáyà bá kan ara wọn, yóò gé iná. Bátìrì tí kò bá ní BMS dà bí ẹgbẹ́ tí kò ní akápò. Ẹ má ṣe rà á.

3. ÌṢIRÒ KÍ A TÓ RÀ Á

Ẹni tí ó bá mọ ìsọdipúpọ̀ lè ṣe ìṣirò yìí. Ẹ fi fólítì sọ Ah tí a kọ sí ara bátìrì di púpọ̀. Bátìrì fólítì 12.8 tí ó jẹ́ 100Ah ní 1,280 wáàtì-wákàtì nínú. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ kí ó máa ṣẹ́kù. Ó ku 1,024. Ínfátà fúnra rẹ̀ yóò jẹ tirẹ̀. Bí a bá ka 15 nínú 100 sí i, ohun tí yóò kù fún wa tó nǹkan bí 870.

Ní báyìí, ẹ ro ohun tí ẹ fẹ́ lò pọ̀. Gílóòbù mẹ́rin oníwáàtì 9 jẹ́ 36. Fáànù kan jẹ́ 50. Tẹlifíṣọ̀n jẹ́ 60. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 146. Bí a bá fi 146 pín 870, yóò tó nǹkan bíi wákàtì mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá fi áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 sí i, kò ní tó wákàtì kan tí gbogbo rẹ̀ yóò fi tán. Ẹ̀rọ ìránṣọ àti gílóòbù ni kí ó fi bátìrì lò. Kí ó fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tàbí iná ìjọba lọ aṣọ rẹ̀.

Páńẹ́lì ńkọ́? Bí oòrùn bá mú dáadáa fún wákàtì mẹ́rin, páńẹ́lì oníwáàtì 400 yóò mú 1,600 wá. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ohun tí yóò sọnù lójú ọ̀nà. Ó ku 1,200. Ìyẹn tó láti dá 1,024 tí a ná padà. Ṣùgbọ́n ní àsìkò òjò, tí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní tó bẹ́ẹ̀. A ó dín ohun tí a ń lò kù nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dín ìnáwó kù nígbà tí ọjà bá dá.

Àyẹ̀wò kan wà tí ó ń tú àṣírí bátìrì ayédèrú. Ẹ ṣáàjì bátìrì fólítì 12.8 oní 100Ah kí ó kún, kí ẹ wá gbé ẹrù wáàtì 100 lé e láti orí ínfátà, bíi fáànù méjì oníwáàtì 50, títí BMS yóò fi gé e. Bátìrì tí ó jẹ́ òótọ́ yóò lo nǹkan bíi wákàtì mẹ́wàá. Bí ó bá lo wákàtì márùn-ún péré, ìdajì ọjà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín ní odidi owó.

4. BÍ A ṢE Ń ṢÁÀJÌ RẸ̀

(a) Ṣájà tàbí ínfátà tí a ṣe fún bátìrì olómi nìkan kò yẹ bátìrì lítíọ́mù. Àwọn kan nínú wọn máa ń gbé fólítì sókè gan-an láti fọ inú bátìrì olómi, èyí sì lè ba lítíọ́mù jẹ́. Ẹ rí i pé oníṣẹ́ iná yí ínfátà sí ipò lítíọ́mù. Fún bátìrì LiFePO4 fólítì 12.8, láàárín 14.2 sí 14.6 ni ṣájà máa ń dúró. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

(b) Ẹ má ṣe kánjú ṣáàjì rẹ̀. Fún bátìrì 100Ah, ṣájà tí ń gbé 20 sí 30 ampere wọlé tó. Kíkánjú ń mú ooru wá, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì.

(d) Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ó wà. Ẹ má ṣe gbé e sí abẹ́ páànù tí oòrùn ń pa tààrà, tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, tàbí inú mọ́tò tí a ti gíláàsì rẹ̀ pa. Bí ooru ibi tí ó wà bá ju 45 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò yẹ kí a ṣáàjì rẹ̀.

(e) Ẹ má ṣe ṣáàjì fóònù tàbí pawa bánǹkì lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣáàjì fóònù fún ará ọjà, ẹ má ṣe to ogún ṣájà sórí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

5. JẸ NÍNÚ RẸ̀, KÍ Ó SÌ ṢẸ́KÙ

Orúkọ ẹgbẹ́ wa ti kọ́ wa ní ọgbọ́n tí ó kù. Àjẹṣẹ́kù: a jẹ nínú rẹ̀, ó sì ṣẹ́kù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń kó gbogbo ìfipamọ́ rẹ̀ jáde lóṣooṣù, kì í pẹ́ tí ìwé rẹ̀ fi ń kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì rí. Èyí tí a ń lò gbẹ lójoojúmọ́ títí BMS yóò fi gé e, kì í dàgbà. Èyí tí a ń fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba ṣíṣáàjì ní ìgbà 3,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ ojúlówó LiFePO4. Bí a bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìyẹn ju ọdún mẹ́jọ lọ. Gbèsè oṣù 18 yóò ti tán tipẹ́.

Ti fóònù àti pawa bánǹkì, ẹ jẹ́ kí ó máa wà láàárín 20 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní kíkún nínú ooru fún ìgbà pípẹ́, ó ń tètè gbó. Ti LiFePO4 inú ilé yàtọ̀ díẹ̀: ó dára kí ó kún délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, kí BMS lè mú àwọn ọmọ bátìrì dọ́gba.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi ẹ̀rọ oníbátìrì lítíọ́mù fọ́n oògùn sí koríko, bí iṣẹ́ ọdún bá parí, ẹ má ṣe sọ ọ́ sí kọ̀rọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ fi iná sí i dé ìdajì, ẹ gbé e sí ibi tútù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

6. SÍSO BÁTÌRÌ PỌ̀

Bí bátìrì kan kò bá tó mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so òmíràn mọ́ ọn. Àwọn tí a ó so pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, Ah kan náà, láti ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ọjọ́ orí wọn sì súnmọ́ra. Kí a tó so wọ́n, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ kún. Bí ọ̀kan bá kún tí èkejì gbẹ, iná yóò ya láti inú ọ̀kan lọ sínú èkejì lójijì, wáyà sì lè gbóná. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà bátìrì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe fi ti olómi àti ti lítíọ́mù so pọ̀ láéláé. Ẹ sì ṣọ́ra fún àpótí tí a fi ọmọ bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù kún inú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ojú wọn ti rí.

7. BÍ EWU BÁ DÉ

Bátìrì tí ó wú, tí ó ń rùn, tàbí tí ó ń gbóná nígbà tí a kò lò ó, ti parí iṣẹ́. Ẹ má ṣe gún un, ẹ má ṣe tú u, ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí sí àkìtàn. Ẹ fi téèpù bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sí ilé, kí ẹ sì dá a padà fún ẹni tí ó tà á tàbí àwọn tí ń kó bátìrì àlòkù jọ fún àtúnlò.

Bí èéfín bá ń jáde lára rẹ̀, ènìyàn ni kí a kọ́kọ́ kó jáde. Májèlé ni èéfín náà. Ẹ má ṣe fà á sí imú. Bí ó bá jẹ́ fóònù tàbí pawa bánǹkì tí kò sí lára wáyà iná, ẹ da omi púpọ̀ sí i láti ọ̀nà jíjìn, nítorí omi ni ó ń tu inú rẹ̀. Iyanrìn lè dí iná lọ́nà, ṣùgbọ́n ooru ṣì wà nínú. Bí ó bá jẹ́ àpótí ńlá ti ínfátà, ẹ jáde, kí ẹ pe àwọn panápaná. 112 ni nọ́ḿbà ìpè pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Iná bátìrì lè kú kí ó tún jí lẹ́yìn wákàtì díẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe tètè padà wọlé.

8. OJÚṢE ẸGBẸ́

(a) Kí iye oṣù tí a fi san ẹ̀yáwó bátìrì má ṣe ju iye oṣù tí òǹtajà fi ìwé ṣe onídùúró fún un. Bí òǹtajà bá dúró fún oṣù 12, kí ẹ̀yáwó náà parí ní oṣù 12.

(b) Bí ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́wàá bá fẹ́ rà á, kí ìgbìmọ̀ rà á pọ̀. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ti wákàtì mẹ́wàá fún ọ̀kan kí wọ́n tó san owó mẹ́sàn-án tó kù.

(d) Kí akọ̀wé kọ ọjọ́ tí a rà á, nọ́ḿbà ara rẹ̀ àti iye wákàtì tí ó lò nígbà àyẹ̀wò sínú ìwé, kí rìsíìtì àti ìwé onídùúró òǹtajà sì wà nínú fáìlì ẹ̀yáwó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Bátìrì fólítì 25.6 tí ó jẹ́ 100Ah, wáàtì-wákàtì mélòó ni ó ní? Mélòó ni kí a ná, mélòó ni kí ó ṣẹ́kù?
2. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yáwó bátìrì mélòó ni ó wà nílẹ̀? Èwo nínú wọn ni kò ní ìwé onídùúró òǹtajà?
3. Ta ni kí a yàn láti máa ṣe àyẹ̀wò bátìrì kí ẹgbẹ́ tó sanwó?

Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn ìbéèrè kejì àti ìkẹta sínú ìwé ìpàdé. A ó béèrè fún un nígbà tí a bá wá yẹ ìwé wò.