ÀKỌ̀ TÍ KÒ NÍ ÌBỌN

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Òwe yìí kò yé mi tó títí di ìgbà tí a ṣí àpótí olóògbé bàbá àgbà ní agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Oríkì ìdílé ni mo ń wá kiri fún iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Àkọ̀ aláwọ kan, dúdú, tó ti gan paali, ni mo bá níbẹ̀. Kò sí ìbọn nínú rẹ̀; kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta àti obì gbígbẹ ni wọ́n kó sí i. Síbẹ̀, nígbà tí mo gbé e jáde, Baálé wa fò sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe àkọ̀ yìí, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn tó ń kó ìbọn ogun àtijọ́ ti ilẹ̀ Jámánì jọ ń wá lójú méjèèjì. Ìdérí rẹ̀ bo ẹnu rẹ̀ pátápátá. Àpò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí rẹ̀ níwájú, òmíràn tó kéré gan-an sì wà nínú ìdérí. Òǹtẹ̀ ẹni tó rán an ti ń parẹ́, ọdún 1913 nìkan ni mo lè kà. Àkọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí Georg Luger ṣe ni. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Jámánì gbà á ní 1904, àwọn ti orí ilẹ̀ sì gbà á ní 1908; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní P08. Ọta 8 ni ilé ọta rẹ̀ ń gbà. Ilé ọta kan wà nínú ìdí ìbọn, ìkejì wà nínú àpò tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló ń gbé inú ìdérí: òun ni wọ́n fi ń tú ìbọn, òun náà ni wọ́n fi ń ran àtàǹpàkò lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń to ọta.

Nọ́ńbà ìbọn náà wà lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kéékèèké àti lára ilé ọta rẹ̀. Àmì àròpọ̀ ni wọ́n fi ń dá ilé ọta kejì mọ̀. Bí nọ́ńbà wọn kò bá bára mu, iye owó rẹ̀ já wálẹ̀ nìyẹn. (Ó yẹ kí èyí tètè yé àwa tó ń kọ́ oríkì. Ẹni tó bá ki onílé kan ní oríkì onílé kejì, a mọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí.)

Báwo ni ó ṣe dé Ìbàdàn? Bàbá tó bí bàbá àgbà lọ sí ogun Kamẹrúùnù. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tó bá Jámánì jà níbẹ̀. Douala bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ogun wọn ní oṣù kẹsàn-án 1914, Yaoundé sì bọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní 1916. Ìbọn gígùn ni ti kúrúńdù lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀gá ló ń so ìbọn ìléwọ́ mọ́ ìbàdí.

Mo bi Baálé léèrè orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará, ibí ni iṣẹ́ mi gan-an wà! Ọ̀rọ̀ àwọn tó ja Kírìjì (1877 sí 1893) ló ṣì wà lẹ́nu wọn: ṣakabùlà, ẹ̀tù, ọta, apátí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ idà pe àpò ìbọn ní àkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní wọ́n ń “ki” ìbọn yìí, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. “A kì í ki èyí. Ẹnu ni a ti ń ki ìbọn. Èyí, wọ́n ń ti ọta bọ̀ ọ́ nídìí ni. Ìbọn ọ̀lẹ!” Irin kékeré yẹn ńkọ́? “Ọmọ ọ̀dọ̀ ìbọn.” Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. N kò tíì rí ìwé atúmọ̀ tó la ọ̀nà láàárín “ki” àti “tì bọ̀” báyìí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan tó ń ra ohun àtijọ́ wá láti Ọjà'ba. Kò tilẹ̀ wo awọ náà lẹ́ẹ̀mejì tó fi ń béèrè ìbọn. Ẹ̀rù ba Baálé, wọ́n ní kí a sun àkọ̀ náà kí ọlọ́pàá má baà wá. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Òfin ohun ìjà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí a fòfin dè, títí kan èyí tí ń fi òkúta ṣáná. Ṣakabùlà wà nínú ìsọ̀rí tirẹ̀, ó sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n awọ kì í ṣe ìbọn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gbà pé kí ó padà sínú àpótí.

Ìyá àgbà ló wá bi mí pé kí ni a ń pariwo lé lórí. Mo ya irin kékeré náà sórí ìwé hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣí dúróò ẹ̀rọ ìránṣọ wọn, wọ́n sì mú un jáde. Òun ni wọ́n fi ń tú ìdè ẹ̀rọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí n dá a padà sínú ìdérí àkọ̀.

“Bí o bá mú un lọ,” ni wọ́n wí, “kí ni n óò máa fi tú ẹ̀rọ?”