Iná Bíréèkì: Àmáná Tó Wà Lẹ́yìn Ọkọ̀ Rẹ

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí iná pupa tó máa ń tàn lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì.

Awakọ̀ kì í rí iná yìí. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn la tàn án fún. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí iná rẹ kò bá tàn, kí ẹni ẹ̀yìn tó mọ̀ pé o ti ń dúró, ó ti lè kọlù ọ́.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun ìnira kúrò lójú ọ̀nà jẹ́ ẹ̀ka kan lára ìgbàgbọ́. Bí yíyọ ẹ̀gún lọ́nà bá jẹ́ ìgbàgbọ́, kí ni ká ti wí nípa ẹni tó mọ̀ pé iná ọkọ̀ òun ti kú, tó sì ń wà á kiri?

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò

Kí o tó gbéra, ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, tẹ bíréèkì, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́yìn wò ó. Bí o bá dá wà, fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sún mọ́ ògiri lálẹ́. Wàá rí pupa iná náà lára ògiri nínú dígí rẹ.

Ọ̀nà tí iná ń gbà

Láti inú bátìrì, iná ń gba inú fíùsì dé súìṣì kékeré tó wà lókè ẹsẹ̀ bíréèkì. Láti ibẹ̀, ó ń gba inú wáyà lọ sínú gílóòbù lẹ́yìn ọkọ̀, yóò sì gba ara irin ọkọ̀ padà sí bátìrì. Ọ̀nà àpadàbọ̀ yìí ni àwọn rẹ́wáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì.

Àrùn àti ìwòsàn

1. Bí ọ̀kan bá kú tí èkejì ń tàn, má da fíùsì láàmú. Pa iná ọkọ̀, kí o tú gílóòbù wò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú rẹ̀: ti 5 wáàtì fún iná alẹ́, ti 21 wáàtì fún bíréèkì. Ìdí nìyí tí iná alẹ́ fi lè máa tàn nígbà tí ti bíréèkì ti já. Bí kò bá já, wò ó bóyá ihò tó jókòó sí ti dípẹtà.

2. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú, wo fíùsì. Bí ó bá ti jó, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu ni kí o fi rọ́pò rẹ̀. Má ṣe fi wáyà lásán dí i. Ọkọ̀ lè gbiná. Bí èyí tuntun bá tún jó, wáyà kan ń kan irin níbì kan. Gbé e lọ fún rẹ́wáyà. Bí fíùsì bá dára, yẹ súìṣì àti wáyà rẹ̀ wò.

3. Bí iná kò bá kú mọ́, súìṣì ti lẹ̀, tàbí rọ́bà kékeré tó ń tì í ti fọ́. Bátìrì lè kú mọ́jú, ẹni ẹ̀yìn kò sì ní mọ ìgbà tí o ń dúró gan-an.

4. Bí o bá tẹ bíréèkì tí iná mìíràn ń tàn bàìbàì, ẹ́ẹ̀tì ni kí o fura sí. Ha ìpẹtà ibi tó ti so mọ́ irin, kí o sì dè é le.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1988, ka iná tí kò ṣiṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí kì í dúró de ẹ̀ṣọ́ kí ó tó tún un ṣe. Ọlọ́hun ń rí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ìwọ kò rí. Arábìnrin, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Bí ẹ bá sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ibi ìwáàsí, kí ẹnì kan yẹ iná rẹ̀ wò kí ẹ tó ka àdúà ìrìn àjò.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(a) Ta ni a ń tan iná bíréèkì fún? (b) Kí ló dé tí iná alẹ́ fi lè tàn tí ti bíréèkì kò sì tàn? (d) Nígbà wo lo yẹ tìrẹ wò kẹ́yìn?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.